Ìjàpá Bàbá Sani, Awó Ìyá Àgbà

Ọdún tí Ìyá Àgbà wá gbé lọ́dọ̀ wa ní Barnawa, ilé wa pín sí ẹgbẹ́ méjì. Dádì ni olórí ẹgbẹ́ ìjàpá, Ìyá Àgbà tó bí Dádì lọ́mọ sì ni olórí ẹgbẹ́ awó. Màmá mi kò fẹ́ràn ìjàpá, kò sì fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn ariwo awó, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ ẹyin awó, nítorí náà gbogbo wa mọ ibi tó fì sí. Dayọ̀ àbúrò mi, ọmọ ọdún márùn-ún, máa ń wà lẹ́yìn ẹni tó bá fún un ní nǹkan lọ́jọ́ náà. Èmi nìkan ni mi ò ríbi dúró sí, nítorí èmi ni akọ̀wé ìjiyàn náà. Mo ti di ìyá ọmọ mẹ́ta báyìí, mo sì ń gbé ìlú mìíràn, ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ ohùn awó níbikíbi, ọkàn mi á kọ́kọ́ padà sí ẹ̀yìnkùlé yẹn, níbi tí omi òjò ti ń kán láti orí páànù, tí òórùn ata tí Màmá ń dín ń bọ̀ láti kíṣíìnì, tí àgbàlagbà méjì sì ń jiyàn lórí ẹran tí kò mọ̀ pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ òun.

Ìjàpá wa kì í ṣe irú èyí tí ọmọdé lè gbé dání. Ó tóbi débi pé tí Dayọ̀ bá jókòó lé e lẹ́yìn, yóò máa gbé e lọ bíi pé kò ru nǹkan kan, Dayọ̀ á sì máa fi èdè Haúsá pàṣẹ fún un pé kó yára. Irú ti ilẹ̀ Ọ̀kè Ọya ni, aláwọ̀ iyanrìn, tó máa ń gbẹ́ ihò jíjìn sínú ilẹ̀, tí á sì wọ ibẹ̀ lọ sùn bí oòrùn bá mú jù tàbí tí ọyẹ́ bá dé. Kò ní ọgbọ́n àrékérekè kankan bíi ti inú àlọ́. Ohun tó mọ̀ kò ju koríko, èèpo kànkánà, ìyẹn bàrà olómi, àti òdòdó Màmá lọ. Maigida ni a sọ ọ́, ìyẹn baálé ilé tàbí onílé ní èdè Haúsá, nítorí pé ọ̀dọ̀ onílé wa àtijọ́ ló ti wá. Bí àlejò bá dé tó bèèrè maigida, Màmá á dá a lóhùn pé, "Èwo nínú wọn? Èyí tó ń ṣiṣẹ́ ni àbí èyí tó ń jẹun?"

Bàbá Sani ni onílé náà ń jẹ́. Kí á tó dé Barnawa, inú ilé rẹ̀ ní Ungwan Dosa, ní òdìkejì odò, la ti ń gbé. Mi ò rántí ilé náà púpọ̀, àfi ògiri rẹ̀ pupa àti ìró odó tí wọ́n fi ń gún ọkà lówùúrọ̀. Lẹ́yìn tí ìlú dàrú, tí àwọn Kìrìsìtẹ́nì ń kó lọ sí apá ìsàlẹ̀ odò, tí àwọn Mùsùlùmí ń kó lọ sí apá òkè, Dádì náà di ẹrù rẹ̀. Bàbá Sani kò bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró, kò sì ní kó máa lọ. Òun àti ọkùnrin méjì kàn gbé ìjàpá náà sínú búùtù mọ́tò Dádì, ó sì ní, "Amana ce, Malam Akanni." Àmánà ni, ohun tí wọ́n fi síkàáwọ́ ẹni, tí ẹni náà kò gbọdọ̀ tà, tí kò gbọdọ̀ fi tọrẹ, tí yóò sì dá padà lọ́jọ́ tí ẹni tó ni ín bá bèèrè rẹ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo Iléyá àti gbogbo Ìtúnu Ààwẹ̀ ni Dádì máa ń lọ kí Bàbá Sani, tó ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Barakallahu. Èmi náà máa ń tẹ̀ lé e. Kí á tó rí ibi jókòó ni bàbá náà á ti bèèrè pé, "Ya kunkuru?" Báwo ni ìjàpá? Ìgbà tó bá gbọ́ pé àlàáfíà ló wà ni yóò tó bèèrè Màmá àti àwa ọmọ. Dádì, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nílé, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ohun tí ìjàpá jẹ àti ihò tuntun tó gbẹ́, bí ẹni tó ń ròyìn ọmọ tó wà ní yunifásítì.

Ìyá Àgbà dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, pẹ̀lú àpótí onírin kan, àpò gàrí kan, àti agbọ̀n kan tí ariwo ń ti inú rẹ̀ jáde. Ó ní oṣù méjì péré lòun máa lò. Awó mẹ́rin ló wà nínú agbọ̀n náà, akọ kan, abo mẹ́ta. Màmá bi í léèrè ìdí tó fi gbé awó rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wá sí Kaduna, níbi tí awó kún ọjà.

"Ìyàwó mi," ó ní, "èmi ò mọ àwọn tó wà ní ọjà yín."

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, awó ti gorí igi máńgòrò, wọ́n sì ti kéde aládùúgbò tó wá pọn omi, ẹni tó wá wo mítà iná, ọlọ́kadà tó gbé Màmá dé láti ilé ìwé tó ti ń kọ́ni, àti Dádì fúnra rẹ̀ tó ń jáde lọ síbi iṣẹ́. Èyí tó láriwo jù nínú àwọn abo, Ìyá Àgbà sọ ọ́ ní Aláriwo, òun ló sì fẹ́ràn jù. Èmi náà gba orúkọ tuntun. Fọlákẹ́ ni gbogbo ayé ń pè mí, ṣùgbọ́n Àjíkẹ́ ni Ìyá Àgbà ń pè mí, orí ẹní rẹ̀ ni mo sì ń sùn láti ọjọ́ tó ti dé. Iṣẹ́ mi kejì ni ògbufọ̀. Dayọ̀ máa ń gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Haúsá ló fi ń dáhùn. "Kí ló wí?" ni Ìyá Àgbà á bi mí, màá sì túmọ̀. Bí ohun tí Dayọ̀ sọ kò bá dára létí àgbà, màá wá òmíràn fi rọ́pò rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Maigida jẹ ìdajì ebè tẹ̀tẹ̀ tí Ìyá Àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn ni ìjiyàn náà bẹ̀rẹ̀. A ti jẹ ẹ̀bà tán, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, rédíò Dádì ń sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀.

"Àkànní," Ìyá Àgbà ní, "kí ni iṣẹ́ ẹran yìí nínú ilé yìí?"

"Kò ṣe nǹkan kan, Màámi."

"Mo rí i bẹ́ẹ̀. Awó mi ń ṣọ́lé, ó ń yé, ó ń ṣa kòkòrò lórí ẹ̀fọ́. Èyí ń jẹ ẹ̀fọ́."

"Kì í pariwo, Màámi. Kì í bèèrè àgbàdo lọ́wọ́ ẹni. Ẹ̀mí rẹ̀ sì máa ń gùn ju ti ẹyẹ lọ fíìfíì."

"Kí ló fẹ́ fi ẹ̀mí gígùn ṣe?" Ìyá Àgbà bi í. Dádì na ọwọ́, ó yí ohùn rédíò sókè díẹ̀. Ìyá Àgbà wá yíjú sí mi. "Àjíkẹ́, mú bíírò. Kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò rí èsì." Ó ní láti kékeré ni Dádì ti máa ń yí ọ̀rọ̀ padà bí ilẹ̀ bá mọ́, àti pé lọ́tẹ̀ yìí, àkọsílẹ̀ lòun fẹ́.

Báyìí ni mo ṣe mú ìwé ilé ìwé mi kan tí kò kún, mo fa ìlà sí àárín ojú ewé rẹ̀, mo kọ Ìjàpá sí apá kan, mo kọ Awó sí apá kejì. Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀rín rẹ̀ kì í tán. Ní apá awó: ẹsẹ̀ méjì, ó ń sáré. Ní apá ìjàpá: ẹsẹ̀ mẹ́rin, kò tíì dé ibi tó ń lọ. Awó ń fò, ìjàpá ń walẹ̀. Awó ń bẹ̀rù gbogbo nǹkan, títí kan aṣọ tí a sá sórí okùn. Ìjàpá kò bẹ̀rù nǹkan kan àfi ìgbálẹ̀ Màmá. Òjò pa awó, ó sá sábẹ́ mọ́tò. Òjò pa ìjàpá, ó na ọrùn síta, ó ń gbádùn. Ìrọ̀lẹ́ kan wà tí Dádì ní kí n kọ ọ́ pé awọ ìjàpá le ju ti awó lọ, Ìyá Àgbà ní kí n fi kún un pé awó dùn jù ú lọ nínú ọbẹ̀. Dayọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nítorí Aláriwo, kò sì dákẹ́ títí Ìyá Àgbà fi ní kí n fi bíírò pa gbólóhùn náà rẹ́. Ó ṣì ṣeé kà lábẹ́ ìlà tí mo fi pa á.

Ṣùgbọ́n ẹyin ló ń jẹ́ kí ẹgbẹ́ awó máa borí. Àwọn abo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń yé sójú kan, lábẹ́ òdòdó Màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi, Ìyá Àgbà sì fi òfin sí ibẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìtẹ́ náà. Ó ní bí awó bá ti gbọ́ òórùn ọwọ́ èèyàn nídìí ẹyin rẹ̀, kò ní í yé síbẹ̀ mọ́ láéláé. Ìgbákọ onígi kan wà tí ọwọ́ rẹ̀ gùn, tí Ìyá Àgbà máa ń fi eérú pa lára kó má baà rùn, òun la fi ń gbé ẹyin náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. A ó sì fi mẹ́ta sílẹ̀ kí àwọn ìyá rẹ̀ má baà fura. Èmi ló fi ṣe onígbákọ. Ní àárọ̀ Sátidé a máa ń fi ẹyin awó àti ata díndín jẹ iṣu, Ìyá Àgbà á sì jókòó ti àwo rẹ̀, á máa wo Dádì bó ṣe ń jẹ, kò ní í sọ nǹkan kan, Dádì náà á sì mọ ohun tí kò sọ. Ó ní kí òun tó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, òun máa jẹ́ kí ọ̀kan sàba, kí òun lè fi ọmọ awó sílẹ̀ fún wa.

Èmi ni mo bà á jẹ́. Ó dùn mí láti sọ ọ́ títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹyin lásán. Òjò rọ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, Dádì ti ń fọn fèrè mọ́tò pé a ti pẹ́, mo wá ìgbákọ títí mi ò rí i. Màmá ti fi ro kókó, ó sì wà nínú ìkòkò. Mo wọ̀tún, mo wòsì. Mo ki ọwọ́ bọ inú ìtẹ́, mo mú ẹyin méjì. Wọ́n ṣì gbóná. Mo gbé wọn sínú àwo ní kíṣíìnì, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ohunkóhun, mo sì fi ọwọ́ yẹn sínú àpò yúnífọ́ọ̀mù mi títí mo fi dé ilé ìwé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹyin mẹ́ta tí mo fi sílẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, wọ́n sì tutù. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́jọ́ kẹta. Mo sọ fún Ìyá Àgbà pé kò sí tuntun, ó ní òjò ló fà á. Ọjọ́ karùn-ún pé, mo ti mọ̀ nínú ara mi pé kì í ṣe òjò, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà á láti sọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹfà, Maigida tẹ̀ lé koríko tútù tó hù lẹ́yìn òjò, ó rìn wọ abẹ́ òdòdó, ó sì gun orí ìtẹ́ náà. Ìgbà tí Ìyá Àgbà máa fi débẹ̀, ẹyin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fọ́ yángá, pupa ẹyin sì wà ní ẹnu Maigida. Ìyá Àgbà kò pariwo. Ó pe Dádì, ó pe Màmá, ó ní kí wọ́n wá fi ojú ara wọn rí i.

"Òun ló ti ń jẹ wọ́n láti ọjọ́ yìí," ó ní. "Mo ti dárí ẹ̀fọ́ jì í. Èyí, rárá. Àkànní, kí ẹran yìí kúrò ní ilé yìí, tàbí kí ẹ bá mi wá mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́."

Màmá ní, "Màmá, ẹ má bínú, yóò kúrò." Ó tètè sọ ọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí òdòdó rẹ̀ náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo wa wá yíjú sí Dádì. Mo rò pé yóò jiyàn, mo tilẹ̀ ti ń wo ibi tí bíírò wà. Ó kàn ní, "Ó dáa, Màámi. Ní Sátidé, màá dá a padà." Ó wọlé lọ, ó tẹ ọmọ Bàbá Sani láago, ó ní kó sọ fún bàbá pé òun ń gbé ìjàpá bọ̀. Mo gbọ́ tí Màmá bi í pé kí ni yóò sọ pé ó fà á. Ó ní òun kò mọ̀. Mo ti dàgbà kí n tó mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó. Ẹni tó dá àmánà padà láìjẹ́ pé wọ́n bèèrè rẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé ẹrù rẹ ti sú mi. Àgbàlá ilé ọmọ Bàbá Sani ní Barakallahu, símẹ́ńtì ni wọ́n dà sí i láti ògiri dé ògiri. Kò sí ibi tí ìjàpá lè gbẹ́ ihò sí.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo gbé èèpo kànkánà lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì bá Dádì lórí ìkúnlẹ̀ rẹ̀. Ó ti ká ṣòkòtò tó wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ sókè, ó bu omi ọṣẹ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ń fi kànìnkànìn fọ ẹ̀yìn Maigida, díẹ̀díẹ̀, láàárín gbogbo ilà rẹ̀. Mo bi í pé kí ló ń ṣe. Ó ní kò dára kí èèyàn dá àmánà padà ní ìdọ̀tí. Kò wo ojú mi. Maigida na ọrùn, ó ń jẹ èèpo kànkánà bí ẹni tí wọ́n ń ṣe lálejò. Mo kúrò níbẹ̀, mo lọ bá Ìyá Àgbà níbi tó ti ń já ẹ̀fọ́.

"Ìyá Àgbà, èmi ni mo fọwọ́ kan ìtẹ́ náà."

Kò gbé orí sókè. "Ọwọ́ wo?"

Mo na ọwọ́ ọ̀tún mi. Ó dì í mú, ó wò ó níwájú, ó wò ó lẹ́yìn, ó tilẹ̀ gbọ́ òórùn rẹ̀, bíi pé ẹyin náà ṣì lè wà níbẹ̀. "Nígbà wo?" Mo sọ ọjọ́ náà fún un. Mo sọ ti ìgbákọ àti ti kókó, mo sì ti ń sunkún nígbà yẹn, mo ní kó má lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kí wọ́n má sì gbé Maigida lọ, èmi ni kí wọ́n nà. Ó ń ka ọjọ́ lórí ìka.

"Wọn ò dáwọ́ ẹyin dúró nìyẹn," ó ní. "Wọ́n kó kúrò ni. Nu ojú rẹ. Bí o bá dé láti ilé ìwé lọ́la, a ó wá wọn rí."

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọjọ́ kejì, ilé ìwé sì máa ń parí kí ọ̀sán tó pọ́n. Ìyá Àgbà ti gbé àpótí ìjókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó dì mọ́ ọ̀pá rẹ̀. Ó ní n kò gbọdọ̀ wá abo, nítorí abo awó tó fẹ́ yé mọ bí òun ṣe máa ń yọ́ lọ. Akọ ni kí n máa wò. Akọ awó kì í jìnnà síbi tí ìyàwó rẹ̀ bá wà, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi àṣírí pamọ́. A jókòó. Ẹ̀rọ ìlọta ń dún ní òpópónà kejì, ìwàásù mọ́ṣáláṣí ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, láti òdìkejì odò, bí afẹ́fẹ́ bá yí síbi tí a wà. Ìyá Àgbà fún mi ní fùrá nínú ife rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọ́kọ́ dé, ó ní òun kò lè fi wàrà kíkan po ọkà jẹ, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di oṣù kejì, kì í jẹ́ kí ó kù fún ẹlòmíràn. Akọ awó rìn lọ, rìn bọ̀. Nígbà tó yá, ó lọ dúró sí ẹ̀yìn ilé pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì iyanrìn tí Maigida hú jáde láti inú ihò rẹ̀, ó na ọrùn, kò kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ìyá Àgbà dìde. Bí a ṣe ń sún mọ́ ọn ni akọ náà ń ké. Páànù ògbólógbòó kan wà tí Dádì fi bo ẹnu ihò náà nítorí òjò, kò sì sí ẹni tó ń dé ibẹ̀ rárá, torí pé òórùn Maigida kì í ṣe kékeré. Ìyá Àgbà fi ọ̀pá sún páànù náà díẹ̀. Ní abẹ́ rẹ̀, ní ọwọ́ òsì ẹnu ihò, lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ọ̀kan nínú àwọn abo sàba, ẹyin sì yọ lábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún. Ó lé ní ogún. Ó ń wò wá, kò mira.

Bí a ṣe dúró bẹ́ẹ̀ ni Maigida ń jáde bọ̀ láti ìsàlẹ̀ fún oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu, mo ní ó parí. Ó gòkè dé ẹnu ihò, awó náà sì sọ ẹnu mọ́ ọn lórí, gbọ̀ọ́. Maigida fa orí wọlé. Ó dúró. Ó wá yà sí ọwọ́ ọ̀tún, ó fi ẹ̀gbẹ́ ha ògiri ọgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà títí tó fi jáde tán. A wá rí i pé ibi tó ń ha ti jin, ọ̀dà ògiri sì wà lára rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí Dádì kò rí fọ̀. Ọjọ́ pípẹ́ ló ti ń gba ibẹ̀ kọjá. N kò sọ pé inúure ni, ó lè jẹ́ pé ẹnu awó náà ló dùn ún. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àyè tó wà nínú ọgbà yẹn, ilé rẹ̀ ni awó Ìyá Àgbà kó lọ, Maigida kò sì fọ́ ẹyọ ẹyin kan níbẹ̀.

Ìyá Àgbà ní, "Àjíkẹ́, kọ ọ́ sílẹ̀."

"Apá wo ni kí n kọ ọ́ sí, Ìyá Àgbà? Ti ìjàpá ni àbí ti awó?"

"Kọ ọ́ sórí ìlà yẹn," ó ní. Ó sì rọra dá páànù náà padà sí àyè rẹ̀.

Nígbà tí Dádì dé pẹ̀lú okùn tó yá láti fi di búùtù, Ìyá Àgbà sọ fún un pé Maigida kò lọ síbì kankan, pé ẹni tó bá hú u jáde yóò da awó òun rú. Dádì lọ wo ibẹ̀, ó padà dé, iyanrìn wà ní orúnkún rẹ̀, ó jókòó, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà ló rántí pé òun ti ránṣẹ́ sí Barakallahu. Ó ní òun máa lọ fúnra òun lówùúrọ̀ láti lọ ṣàlàyé. Kò tíì wọ bàtà tán lówùúrọ̀ Sátidé tí awó fi figbe ta. Mọ́tò ọmọ Bàbá Sani ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá náà ń sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá àti fìlà funfun rẹ̀. Láti ìgbà tí ìlú ti dàrú, kò tíì kọjá odò wá sí apá ọ̀dọ̀ wa rí.

Dádì lọ bẹ̀rẹ̀ kí i. Màmá gbé àga jáde. Ìyá Àgbà so gèlè rẹ̀ dáadáa, ó jókòó sí òdìkejì, kò sì gbọ́ ẹyọ Haúsá kan. Bàbá Sani sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Kí ló wí?" Ìyá Àgbà bi mí.

"Ó ní òun gbọ́ pé ìjàpá òun ti di wàhálà fún yín, òun wá gbé e fúnra òun, kí Dádì má baà gbé e bọ̀ pẹ̀lú ìtìjú."

Dádì la ẹnu, Ìyá Àgbà na ọwọ́ dá a dúró. "Ìwọ dákẹ́, Àkànní. Àjíkẹ́, sọ fún un pé kò sí wàhálà. Sọ fún un pé èmi ni mo fi ẹran rẹ̀ sùn, mo sì ṣì í dá lẹ́jọ́. Kó má bínú sí ọmọ mi." N kò wá ọ̀rọ̀ kankan fi rọ́pò èyí. Bó ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe túmọ̀ rẹ̀, ojú Dádì sì wà nílẹ̀.

A gbé àga àwọn méjèèjì lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Bàbá Sani tẹ̀ síwájú, ó wo ẹyin, ó wo ibi tí Maigida ti ha ògiri, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dé ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ̀rọ̀ gígùn kan, tó ń wo ìjàpá ní gbogbo ìgbà tó fi ń sọ ọ́. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Ìyá Àgbà báyìí pé: ó ní nígbà tí Dádì ń kó ẹrù lọ, ẹ̀rù ba òun pé àwọn ò ní í rí ara àwọn mọ́. Ó ní òun mọ̀ pé bí òun bá fún un ní ẹ̀bùn, yóò dúpẹ́, yóò sì lọ. Ìyẹn ló jẹ́ kí òun fún un ní àmánà, kó lè máa wá jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ fún òun. Ó ní òun kò fìgbà kan nílò ìjàpá.

Dádì dìde, ó ní òun ń lọ mú omi wá, bẹ́ẹ̀ sì ni omi wà níwájú wa.

Ìyá Àgbà lọ bu àgbàdo, ó fọ́n ọn sílẹ̀, ó ń pe àwọn awó rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé, ó ki Aláriwo mọ́lẹ̀, ó fi àjákù aṣọ dì í lẹ́sẹ̀, ó gbé e lé Bàbá Sani lọ́wọ́. Aláriwo ń ké gidigidi, bàbá náà ń dúpẹ́. "Sọ fún un pé kó má dúpẹ́," Ìyá Àgbà ní. "Sọ fún un pé kì í ṣe ẹ̀bùn."

"Amana ce, Baba," ni mo wí.

Bàbá Sani wo Ìyá Àgbà, ó tún wo awó náà tó ń pariwo sí i lójú. "To," ó ní, ìyẹn ni pé ó dáa, ó sì gbé e mọ́ àyà. Ó bèèrè bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Ìyá Àgbà ní kí n sọ fún un pé àgbàdo lówùúrọ̀, omi tó mọ́, àti pé kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ kan ìtẹ́ rẹ̀. Èmi ló ń wò bó ṣe ń sọ èyí tó kẹ́yìn.

Ẹyin náà pa, ọmọ awó sì kún ẹ̀yìnkùlé. A kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́. Oṣù méjì Ìyá Àgbà ti kọjá tipẹ́, kò sì sí ẹni tó rán an létí. Ní àárọ̀ ọjọ́ Iléyá, nígbà tí Dádì ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, Ìyá Àgbà ti jókòó sí iwájú nínú mọ́tò náà, ó wọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù, àpò àgbàdo kékeré kan wà lórí itan rẹ̀. Jálẹ̀ ọ̀nà ló fi ń ní kí n tún ọ̀rọ̀ Haúsá kan sọ fún òun, ó ń pè é tẹ̀ lé mi lábẹ́ èémí títí a fi kọjá afárá. Bí a ṣe wọ ilé ní Barakallahu, Bàbá Sani dìde láti kí wa. Ìyá Àgbà kò jókòó, kò sì tíì kí ẹnikẹ́ni.

"Ya zabuwa?" ó ní. Báwo ni awó?

Bàbá Sani ní àlàáfíà ló wà, ó ti yé mọ́kànlá. Ìgbà náà ni wọ́n tó kí ara wọn.